Iná Ara Adìẹ

  A mọ̀ pé láti oko ni àwọn kan nínú yín ti gba ibí wá, àwọn mìíràn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ palẹ̀ igbá ọjà wọn mọ́ ni. A kò ní fi àròyé dá yín dúró.

Ọ̀rọ̀ adìẹ ni a fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe adìẹ rẹpẹtẹ tí àwọn olówó ń sìn nínú ilé onípáànù gígùn. Adìẹ ẹ̀yìnkùlé ni a ní lọ́kàn: àgbébọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àkùkọ kan, àti àwọn òròmọdìẹ tó ń tẹ̀ lé ìyá wọn kiri ìdí ọlọ. Agbo ilé tí irú adìẹ bẹ́ẹ̀ kò sí kò pọ̀. Òun là ń pa nígbà tí àlejò bá dé láìròtẹ́lẹ̀. Òun là ń dì lẹ́sẹ̀ lọ sọ́jà nígbà tí wọ́n bá lé ọmọ wá sílé nítorí owó ìwé. Báńkì ìyá àgbà ni. Ẹni tí adìẹ rẹ̀ bá ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, owó rẹ̀ ló ń jò lọ.

Àwọn àgbà sì sọ pé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Nǹkan kan wà lábẹ́ ìyẹ́ náà tó ń jẹ adìẹ wa tọ̀sán-tòru, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì gbé ìyẹ́ sókè rí láti wò ó. Iná ni. Iná tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń se ọbẹ̀ o. Kòkòrò ni, ìbátan iná orí. Àmọ́ ẹ má fòyà: iná adìẹ kì í gbé ara ènìyàn. Ó lè rìn lọ́wọ́ yín bí ẹ bá mú adìẹ, ara yín a sì máa rìn yín, ṣùgbọ́n kò lè pẹ́ níbẹ̀, nítorí ara ẹyẹ ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Bákan náà, ọmọ tó bá ní iná lórí, kì í ṣe ara adìẹ ló ti kó o. Ẹ má lu ọmọ nítorí adìẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi àgbébọ̀ kan tó sàba ṣe àpẹẹrẹ. Ẹyin 12 ló wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé nǹkan bí ọjọ́ 21 ni adìẹ fi ń sàba kí ẹyin tó pa. Nígbà tó di bí ọjọ́ 14, àgbébọ̀ yìí dìde, ó kọ ẹyin sílẹ̀, kò padà mọ́. Ẹyin tutù. Gbogbo rẹ̀ di òbu. Onílé wá bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tó fi ojú burúkú wo ìtẹ́ náà. Ìyálé ń wo ìyàwó, ìyàwó ń wo ìyálé. Bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá mú adìẹ náà, tí wọ́n ya ìyẹ́ ìdí rẹ̀ wò, wọn ì bá rí ẹni tó lé e dìde. Wọ́n ń rìn níbẹ̀ bí èrò ọjà.

Kí ló dé tí iná fi ń pọ̀ lára adìẹ tó sàba? Adìẹ tó ń jẹ̀ kiri a máa wẹ̀ nínú erùpẹ̀ gbígbẹ. Ẹ ti rí i: a fi ẹsẹ̀ gbẹ́ ihò kékeré, a dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, a da eruku sí ara títí dé abẹ́ apá, lẹ́yìn náà a dìde, a gbọn ara. Ìwẹ̀ tirẹ̀ nìyẹn. A tún máa fi ẹnu tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe, a sì máa ṣa iná kúrò níbẹ̀. Èyí tó sàba kì í ráyè ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú kan ló jókòó sí, ara rẹ̀ gbóná, iná sì ń bí sí i. Bí ẹyin bá wá rí ọjọ́ pa, àwọn ọmọ a wọ abẹ́ ìyá wọn, iná a sì kọjá sí wọn lórí àti lọ́rùn. Òròmọdìẹ kò ní agbára tó lè gba irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ẹ ó kàn rí i pé ó dúró sẹ́yìn, ó ń tòògbé, ìyẹ́ rẹ̀ wú, kò sì pẹ́ tó fi kú.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀? Ẹ kọ́kọ́ wò ó lókèèrè. Adìẹ tí iná ń jẹ kì í sinmi. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń jẹ̀, òun a dúró, a fi ẹnu họ ìdí, a fi ẹsẹ̀ họ orí, a gbọn ara, a tún bẹ̀rẹ̀. Ìyẹ́ ìdí rẹ̀ a gé, a rí jákujàku bí aṣọ tí ikán jẹ. Ẹyin tó ń yé a dín kù. Ogbe rẹ̀ kì í pọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀, eegun ni ẹ ó kàn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo adìẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ kò pé ni iná ń jẹ o. Adìẹ a máa re ìyẹ́ kí tuntun lè hù. Bí àkùkọ bá ń gun adìẹ kan jù, a máa já ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Adìẹ òpìpì náà sì wà, bí a ṣe bí i nìyẹn; ẹni tó bá ń da oògùn sí òpìpì lára kí ìyẹ́ lè hù lápá rẹ̀, ó kàn ń fi owó ṣòfò ni.

Ẹ má sì ṣe pe iná ní lúkúlúkú. Lúkúlúkú kì í fi sùúrù ṣe tirẹ̀: lónìí adìẹ méjì, lọ́la márùn-ún, ní ọ̀túnla ilé adìẹ ti dá. Ọrùn adìẹ a lọ́, a máa mí tìnira-tìnira, a máa yàgbẹ́ tó ní àwọ̀ ewé. Kò sí eérú tàbí ìyẹ̀fun tó ń wo ìyẹn. Oògùn àjẹsára kí àrùn tó dé ni, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ọ̀sìn ni ẹ ó sì ti rí i. Iná ní tirẹ̀ kì í kánjú. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ adìẹ, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í kà á sí.

Ó wá kù kí a mú adìẹ wò. Alẹ́ ló dára jù, nígbà tí adìẹ bá ti wọ̀. Kò ní sí pé à ń sáré kiri àgbàlá, adìẹ kò sì ní máa ké kí àwọn ará ilé kejì rò pé olè ló dé. Ènìyàn méjì ni kó ṣe é. Kí ẹnì kan fi ọwọ́ kan di ẹsẹ̀ adìẹ méjèèjì mú, kó fi apá kejì gbá a mọ́ra pẹ̀lẹ́. Kí ẹnì kejì tan tọ́ọ̀ṣì, kó fi ìka ya ìyẹ́ ìdí sọ́tùn-ún sósì títí awọ yóò fi hàn. Ẹ tètè wò, nítorí iná kì í dúró de ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á, ó ti sá wọ abẹ́ ìyẹ́ mìíràn.

Kòkòrò pẹlẹbẹ ni ẹ ó rí, pupa rúsúrúsú bí pòròpórò àgbàdo gbígbẹ. Ó ní ẹsẹ̀ 6. Kò lè fò, kò sì lè tọ. Èyí tó tóbi nínú wọn kò ju bí ìdajì hóró ìrẹsì lọ. Ẹ tún wo ìdí ìyẹ́ gan-an, níbi tó ti wọ inú awọ. Bí ẹ bá rí ohun funfun tó ṣù mọ́ ọn bí iyọ̀ tó fa omi tó tún gbẹ, ẹyin iná nìyẹn. Ẹ fi èékánná gbìyànjú láti ha á kúrò, ẹ ó rí i pé kò fẹ́ wá. Iná ti fi ohun kan lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀ bí àtè tí àwọn ọmọdé fi ń mú ẹyẹ. Ẹ rántí ẹyin yìí o, nítorí òun ni gbogbo ìjà wa.

Ẹ má fi ti ìdí nìkan mọ. Ẹ wo abẹ́ apá, ẹ wo àyà, ẹ wo orí àti ọrùn. Oríṣi iná adìẹ ju ẹyọ kan lọ, ibi tí oríṣi kọ̀ọ̀kan fẹ́ràn sì yàtọ̀. Ọ̀kan wà tó tẹ́ẹ́rẹ́, abẹ́ ìyẹ́ apá ńlá ló máa ń dùbúlẹ̀ sí láìmira, ènìyàn á rò pé ìdọ̀tí ni. Bí ẹ bá rí iná lára adìẹ kan, ẹ gbà pé ó ti wà lára àwọn tí wọ́n jọ ń sùn.

Àwọn kan nínú wa a máa fi orúkọ kan ṣoṣo, yòrò, pe gbogbo kòkòrò ara adìẹ. Kò burú, ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ èyí tí à ń bá jà, nítorí ibi tí wọ́n ń gbé kò dọ́gba. Ara adìẹ ni iná ń gbé, ọ̀sán àti òru. Ibẹ̀ ló ti ń yé, ibẹ̀ ló ti ń jẹ, ibẹ̀ ló sì ń kú sí. Bí ó bá já bọ́ sílẹ̀, kì í sábà lò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tó fi kú. Kòkòrò mìíràn wà tó kéré ju ìyẹn lọ, wẹ́wẹ́ bí ìyẹ̀fun ata, ẹsẹ̀ 8 ló ní. Ní ọ̀sán, inú ihò igi tí adìẹ ń sùn lé àti inú ìtẹ́ ló ń farapamọ́ sí. Ní òru, a jáde wá mu ẹ̀jẹ̀. Eégbọn adìẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, inú ògiri tó sán ni tirẹ̀. Ẹni tó bá mú adìẹ wò lọ́sàn-án lè má rí ọ̀kan nínú wọn, tí yóò sì máa sọ pé adìẹ òun mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá kòkòrò òru yìí wà nílé adìẹ yín, ẹ mú àkísà funfun, ẹ dúró di òru, kí ẹ fi nu abẹ́ igi tí adìẹ ń sùn lé. Bí àkísà bá pọ́n bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ta sí i, ó wà níbẹ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ kì í ṣe ti ara adìẹ nìkan. Ilé ni kí ẹ tọ́jú: ẹ kó adìẹ jáde, ẹ da koríko ìtẹ́ sí iná ìdáná, ẹ da omi híhó sí gbogbo ihò igi, ẹ fi amọ̀ dí ògiri tó sán. Fún iná, ara adìẹ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ dojú kọ. Ẹni tó bá fọ ilé adìẹ mọ́ tónítóní tí kò fọwọ́ kan adìẹ, iná ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ wá eérú igi láti ìdí àdógán. Kí ó tutù pátápátá o. Ẹ tú u wò dáadáa kí ẹ̀yinná má baà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi asẹ́ kù ú. Ẹ wá yanrìn gbígbẹ tàbí erùpẹ̀ gbígbẹ, abọ́ 2, kí ẹ po abọ́ eérú 1 mọ́ ọn. Ẹ dà á sínú àpótí tàbí ihò tí kò jìn, níbi tí òjò kò lè dé. Èyí ṣe pàtàkì. Eérú tó bá tutù máa ń jó ara. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ṣe ọṣẹ dúdú mọ ohun tí omi eérú ń ṣe sí ọwọ́, ẹ má sì jẹ́ kó ṣe é sí àyà adìẹ yín. Bí ẹ bá ti gbé àpótí yìí kalẹ̀, ẹ kò ní bẹ adìẹ kí ó tó wọ inú rẹ̀. Ní àsìkò òjò, tí gbogbo ilẹ̀ tutù, tí adìẹ kò rí erùpẹ̀ gbígbẹ wẹ̀, ìgbà náà gan-an ni àpótí yìí wúlò jù.

Imí ọjọ́ náà dára láti fi kún un, ẹ̀kúnwọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ gún un kúnná. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California ní Amẹ́ríkà dán èyí wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012: iná dín kù gidigidi lára àwọn adìẹ tó ń wẹ̀ nínú àpótí tí imí ọjọ́ wà. Ẹ má ṣe gbé e sún mọ́ iná ìdáná, ẹ má sì jẹ́ kó ta sí yín lójú.

Àpótí eérú a máa dín iná kù, ṣùgbọ́n bí iná bá ti pọ̀ lára adìẹ, àpótí nìkan kò lè tán an. Ìgbà yìí ni ó kan oògùn. Ní ilé ìtajà oògùn ẹran ọ̀sìn, ẹ béèrè ìyẹ̀fun tí wọ́n ṣe fún ara adìẹ. Èyí tí èròjà permethrin wà nínú rẹ̀ wọ́pọ̀. A ti ń kọ́ nọ́ńbà nínú kíláàsì yìí, ẹ jẹ́ ká lò ó: ẹ wo ara páálí tàbí agolo, kí ẹ wá 0.25. Ìyẹn ni pé èròjà yìí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá kan nínú irinwó ni. Èyí tí wọ́n ṣe fún oko tàbí fún ògiri ilé le ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Orúkọ kan náà lè wà lára méjèèjì, ọlọ́jà sì lè sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Nọ́ńbà ni kí ẹ gbà gbọ́. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì tó wà lára rẹ̀ bá ṣòro, ẹ fún ọmọ tó ń lọ sílé ìwé kí ó kà á fún yín, kí ẹ béèrè ohun méjì lọ́wọ́ rẹ̀: ṣé ti adìẹ ni? Ọjọ́ mélòó ni a gbọ́dọ̀ dúró kí a tó jẹ ẹyin tàbí ẹran rẹ̀?

Ẹ fi ìṣó lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí agolo mílíìkì, kí ẹ da ìyẹ̀fun sínú rẹ̀. Ẹ fi aṣọ di imú àti ẹnu yín. Bí adìẹ bá ti wọ̀, ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbọn ìyẹ̀fun sí ìdí, sí abẹ́ apá méjèèjì, sí àyà àti ẹ̀yìn, kí ẹ fi ọwọ́ tí ẹ fi ọ̀rá wé rà á wọ abẹ́ ìyẹ́ títí dé awọ. Ìyẹ̀fun tó dúró sórí ìyẹ́ kò ṣe nǹkan kan. Ní ti orí, ìka ni kí ẹ fi tọ́ díẹ̀ sí i. Kò gbọdọ̀ wọ ojú tàbí ihò imú. Kì í gbà púpọ̀: nígbà púpọ̀, ṣíbí kékeré kan tó fún àgbébọ̀ kan. Ẹ má fo ẹyọ kan. Àkùkọ tó sùn lórí igi ọsàn, tí ẹ ń wò pé ó le láti mú, bí ẹ bá fi í sílẹ̀, òun ni yóò pín iná padà fún gbogbo àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Permethrin yìí a máa pa ológbò, a sì máa pa ẹja, nítorí náà ẹ má fọ agolo rẹ̀ sínú odò.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù. Ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta tí ẹ da oògùn, ẹ ó mú adìẹ wò, ẹ kò ní rí ohun tó ń rìn. Inú yín á dùn. Ẹ ó gbé agolo sórí àjà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iná ti kún bíi ti àtijọ́, ẹ ó wá sọ pé ayédèrú ni oògùn náà. Kì í ṣe ayédèrú. Oògùn pa iná tó ń rìn. Kò pa ẹyin tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìyẹ́. Ẹyin wọ̀nyẹn a máa pa láàárín ọjọ́ 4 sí 7. Ọmọ tó jáde nínú wọn a dàgbà láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, a sì bẹ̀rẹ̀ sí yé tirẹ̀. Òwe wa kò ti parọ́: bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ padà. Lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 10, ẹ tún mú gbogbo adìẹ, ẹ tún da ìyẹ̀fun sí wọn bíi ti àkọ́kọ́. Nígbà náà, ẹyin ti pa tán, àwọn ọmọ kò sì tíì dàgbà débi tí wọn ó yé. Ààrin méjèèjì yẹn la ti ń mú wọn. Bí ẹ bá tún rí ohun tó ń rìn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí i, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Kí ẹ má baà gbàgbé, ẹ mú èédú, kí ẹ kọ ọjọ́ náà sára ilẹ̀kùn ilé adìẹ: ọjọ́ tí ẹ dà á, àti lábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ ó tún dà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ìwé tí à ń kọ́ yìí, kí la fẹ́ fi ṣe, ẹ wo nǹkan kan tí a fi í ṣe.

Fún adìẹ tó fẹ́ sàba, ẹ má dúró di ìgbà tó bá jókòó. Bí ẹ bá ti rí i pé ó ń ké bí alárùn-ún, tó ń wá ibi tí yóò jókòó sí, ẹ mú un wò lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ koríko ìtẹ́, kí ẹ tó kó ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò ní bí ọjọ́ 8 sí 10. Bí àwọn ọmọ bá ti jáde, a kì í da ìyẹ̀fun sí òròmọdìẹ lára. Bí ẹ bá rí iná lórí wọn, ẹ fi ìka tọ́ àdín, kí ẹ fi kàn wọ́n lórí. Ẹ̀kán kan ṣoṣo. Bí àdín bá rin òròmọdìẹ, òtútù yóò mú un.

Ó ku àwọn ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ fi kan adìẹ. Ọ̀kan ni kẹrosíìnì. A máa bó awọ adìẹ. Bí ó bá sì wà ní àyà èyí tó sàba, a kan ẹyin. Ẹyin a sì máa mí láti ara èèpo rẹ̀. Bí epo bá dí i, ọmọ inú rẹ̀ a kú. Èkejì ni àwọn oògùn oko. Àwọn àgbà olókòó tó wà níbí rántí Gammalin 20, tí a fi ń pa kòkòrò inú oko kòkó. Lindane ni èròjà tó wà nínú rẹ̀. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àdéhùn Stockholm kọ ọ́ mọ́ àwọn èròjà tí a gbọ́dọ̀ fi òpin sí lílò wọn lóko. Bí ẹ bá ṣì ní ìgò rẹ̀ kan ní ẹ̀yìn àká, ẹ má ṣe fi kan ohun tí ẹ ó jẹ.

Èyí tó ń dẹ́rù bà wá jù ni Otapiapia. Nítorí pé ó dínwó tó sì ń pa aáyán lójú ẹsẹ̀, àwọn kan ń wọ́n ọn sára adìẹ. DDVP ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ní 2019 ni àjọ NAFDAC fi òfin dè é pé kí a má ṣe ta ìgò kékeré DDVP ní ọjà gbangba àti ní ilé ìtajà oúnjẹ mọ́. Ẹ rò ó wò: ẹ wọ́n ọn sí ìyẹ́, adìẹ fi ẹnu tún ìyẹ́ náà ṣe, ó ti gbé e mì. Ó lè pa adìẹ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá pa á, ẹ kò mọ ohun tó wà nínú ẹyin tó yé lọ́jọ́ kejì, ọmọ yín ló sì ń jẹ ẹyin náà.

Ọ̀rọ̀ kan kù, adìẹ àlejò. Kò sí ìgbà tí iná ń wọlé tó àkókò ọdún, nígbà tí a bá ra adìẹ lọ́jà, tí a kàn tú okùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tí a sì jọ̀wọ́ rẹ̀ sáàárín àwọn ti ilé. Inú àgò kan náà ni adìẹ láti oríṣiríṣi ìlú ti sun ọjà. Adìẹ tí ẹ bá rà láti sìn, ẹ dá a sí ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, ó kéré tán. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ tó dé, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó wọ àárín àwọn yòókù. Ẹ̀bùn adìẹ náà ńkọ́? Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún yín, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò.

A mú àgbébọ̀ 3 wá. Wọ́n wà nínú àgò lẹ́yìn kíláàsì, wọ́n sì ti ń tòògbé. Iná wà lára méjì nínú wọn, ẹnìkẹta mọ́; a kò ní sọ èyí tó mọ́ fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ ní tọ́ọ̀ṣì, ẹ mú un dání. Ẹ jẹ́ ká jáde lọ wò wọ́n.